Ohùn Tí A Kò Rí Ẹnu Rẹ̀ ní Vaubrune

Àlàmísì, 28 Oṣù Kẹjọ 2025. Pearland

Èmi, Alhaja Làdíátù Dáramọ́lá, nọ́ọ̀sì àgbà ní Medical Center ní Houston, ẹni tí àwọn dókítà kékeré ń dìde fún, tí àwọn dókítà ńlá sì ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀, ni mo gbé bíírò lónìí láti kọ ìwé ìrìn-àjò mi. Mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ti sin ọkọ. Ìrìn ló kù.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń lọ sí Vaubrune, abúlé kan ní ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ni ọkọ mi gbé nígbà tí ilé iṣẹ́ epo rán wọn lọ kọ́ èdè, kí a tó bí Abdulhafeez. Títí wọ́n fi kú, ọ̀rọ̀ abúlé yẹn ò kúrò lẹ́nu wọn: afárá olókùúta, àlàpà ààfin lórí òkè, ọlọ tí omi ń yí, àti orísun odò nínú igbó, níbi tí omi ti ń tú jáde nínú àpáta, tó tutù débi pé ó ń dun eyín. "Làdíátù, tí a bá ti fẹ̀yìn tì, màá mú ọ lọ mu ún." Wọn ò mú mi lọ. Mo ń lọ mu ún fúnra mi.

Ọmọ mi, Dókítà Abdulhafeez tó ń gbé ní Spring, lódìkejì Houston, kò fọwọ́ sí i. Ó ní mo ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ní tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́hùn-ún, òun á ta ilé Pearland yìí, òun á sì kó mi wá sí yàrá kan nílé òun. Mo ní mo ti gbọ́. Bí mo ṣe máa ń dá àwọn dókítà lóhùn nìyẹn tí mi ò bá ní í ṣe ohun tí wọ́n wí.

Ẹni tó máa tẹ̀lé mi ni Simbiat, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọmọ àbúrò mi Sirajudeen. Ilé ìwé rẹ̀ ní Brays Oaks lé e sílé di ọdún tuntun nítorí pé ó fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé kéde nínú ẹ̀rọ pé kí gbogbo èèyàn máa lọ sílé, gbogbo èèyàn sì lọ. Ọmọ dáadáa ni. Ó lóye, ó rẹwà. Àwọn èèyàn ni ò mọyì rẹ̀.

Sọ́ńdè, 31 Oṣù Kẹjọ. Vaubrune

Ẹnu Alhaja ti rẹ̀ mí. Màá fi tèmi, Simbiat, kọ èyí tó kù.

A ti dé. Alhaja, Màmá Pearland wa, ló wa mọ́tò láti pápá ọkọ̀ òfurufú, ọ̀nà ń tín-ín-rín títí ó fi dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òkúta ni ilé, òkúta ni ọ̀nà, òkúta ni àga tó wà níwájú ilé. Ọ̀pọ̀ fèrèsé ni wọ́n tì pa. Mi ò tíì rí ọmọdé kankan. Ní Houston, tí o bá dákẹ́, o máa gbọ́ ariwo mọ́tò lórí freeway. Níbí, tí o bá dákẹ́, àyà ara rẹ lo máa gbọ́.

Búrẹ́dì gígùn kan, yúrò kan lé díẹ̀. Ata ò sí níbì kankan. Ọlọ́run ló ní kí Màmá di ata gígún mọ́ ẹrù.

Wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n ti lọ sórí afárá. Wọ́n fọwọ́ pa òkúta rẹ̀ bí ẹni ń pa ọmọ lórí. "Ibí ni Alhaji dúró sí nínú fọ́tò tó wà nílé." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Wọ́n wò yíká. "Ṣé wọ́n ti lọ síwájú ni?"

"Ta ni, Mà?"

Wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. "Mò ń bá ẹ ṣeré ni."

Èmi ni mo máa ń ṣeré nínú ẹbí yìí. Tí mo bá rí eré, mo mọ̀ ọ́n.

Àlàrùbá, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Aládùúgbò wa ń jẹ́ Anthony, bàbá arúgbó kan láti England tó ti ń gbé níbí tipẹ́, òun àti ajá rẹ̀ tó sanra bí ìrọ̀rí. Òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, torí àlùfáà máa ń pẹ́ kó tó wá. Ó mú wa lọ wo ọlọ omi. Àgbá kẹ̀kẹ́ igi ńlá tí omi ń yí wà níbẹ̀, ewé ti bò ó, kò yí mọ́, torí odò ti fà, ó ku ìwọ̀n tí adìẹ lè là kọjá. Ó tún mú wa lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń fọṣọ láyé àtijọ́, òrùlé lórí, òkúta tó yọ̀ nísàlẹ̀. Màmá kúnlẹ̀, wọ́n ṣe bí ẹni ń fọ ìborùn wọn. Anthony pàtẹ́wọ́.

Mo lọ sẹ́yìn ògiri, mo gbó bí ajá rẹ̀. Anthony ní kí ajá dákẹ́. Ajá ń sùn lórí bàtà rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Ẹnu yìí ló lé ẹ kúrò nílé ìwé, ó tún máa lé wa kúrò ní France."

Lẹ́yìn náà mo fi ohùn Anthony gan-an pè wọ́n láti ìta, "Madame Ladiatu," wọ́n sì jáde wá pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tíì fún un.

Anthony ní ọ̀nà orísun odò gba inú igbó lẹ́yìn ààfin. Ó ní láti àárín oṣù yìí, àwọn ọdẹ ló ni igbó náà ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Lọ́dún kan wọ́n yìnbọn lu ọkùnrin kan tó ń ṣa olú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta ẹyin.

Màmá ní orísun ló máa gbẹ̀yìn. Tí àwọn bá ti mu omi yẹn, kò sí ohun tí àwọn tún wá ṣe.

Mọ́ńdè, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹyin mẹ́fà, yúrò méjì. Oòrùn ń ta bíi ti Houston, ṣùgbọ́n kò sí AC.

Màmá lọ ra búrẹ́dì. Ibi ìtajà yẹn, téèyàn bá sín níbẹ̀, a máa gbọ́ ọ nílé. Wọn ò tètè dé. Mo rí wọn níwájú òkúta tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú sójú ogun sí, wọ́n ń ka orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pe àwọn aláìsàn ní wọ́ọ̀dù. "Ta ló ṣì kù tí wọn ò tíì wò?" ni wọ́n bi mí.

Ìrọ̀lẹ́, Bùrọ̀dá Hafeez pè. Ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń pè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹun ọ̀sán ní Houston. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé òkè nìkan ni fóònù ti ń ṣiṣẹ́. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, wọ́n ní àwọn ti ń pẹ́ fún iṣẹ́ alẹ́. Mo gbé fóònù. Kí n tó rò ó, ohùn Màmá ti jáde lẹ́nu mi.

"Hafeez, ọmọ mi. Ara mi le. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Mà. Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Ta ló kọ́ ẹ ní oògùn?"

Bùrọ̀dá Hafeez rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tí Màmá bá ti ń bú àwọn, ara ti yá nìyẹn.

Mo fẹ́ kí Màmá mu omi wọn kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Spring. Gbogbo ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn.

Sọ́ńdè, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Ìbọn. Láti àárọ̀ kùtùkùtù. Fèrè, lẹ́yìn náà ajá púpọ̀, lẹ́yìn náà ìbọn. Anthony gbé aṣọ aláwọ̀ ọsàn méjì wá fún wa, ó ní a ò gbọ́dọ̀ rìn létí igbó láì wọ̀ ọ́. A fi ti Màmá kọ́ sára ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Tèmi bò mí mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ọ̀sán, wọ́n fa ẹlẹ́dẹ̀ igbó kan kọjá níwájú ilé wa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fa ìlà gígùn sórí òkúta. Títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́.

Jímọ̀, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Màmá tọ́jú ohùn Bàbá Hafeez sínú fóònù wọn, àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí wọ́n tó kú. Wọ́n máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ìrun. Ohùn tó wúwo, tó ń wọ́ ìparí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wọ́ sálúbàtà. Èèyàn kì í kọ́ irú ohùn yẹn, wàá kàn bá a lẹ́nu rẹ lọ́jọ́ kan ni.

Lónìí a gun òkè lọ sí àlàpà ààfin. Ilé ìṣọ́ kan ló kù, àti ògiri tí igi ti hù láàárín rẹ̀. Anthony ti sọ fún wa pé àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń kó òkúta rẹ̀ lọ kọ́lé, ìdajì Vaubrune, ara ààfin ni. Ẹ̀gbẹ́ kan ò ní ògiri mọ́ rárá. Ilẹ̀ kàn tán níbẹ̀ ni, odò wà nísàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n fa okùn kan dí i.

Màmá ń wo ihò tí wọ́n ti ń ta ọfà. Mo sá sẹ́yìn ilé ìṣọ́. Ẹ̀rín ni mo fẹ́ kí wọ́n rín. Mo fi ohùn wíwúwo yẹn pè: "Làdíátù o. Làdíátù, omi ọ̀hún rèé."

Mo dúró de ẹ̀rín. Ohun tí mo gbọ́ ni ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí, ohùn ọmọge. "Ẹ̀n, Alhaji. Mò ń bọ̀."

Mo yọjú. Màmá ti kọjá okùn. Ohùn mi ti lu òkúta, ó ti padà wá láti ibi tí kò sí nǹkan, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n na ọwọ́ síwájú. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo sáré, ìborùn ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà, lẹ́yìn náà apá. Òkúta kékeré kan yẹ̀ lábẹ́ bàtà wọn, ó lọ. Mi ò gbọ́ ìgbà tó dé ilẹ̀.

"Simbiat, ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Mà."

Sátidé, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Wọn ò jẹun àárọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó.

"Ní Ìsẹ́yìn, ìyá wa kọ́ wa pé tí wọ́n bá pè ẹ́ tí o ò rí ẹni tó pè ẹ́, má jẹ́. Kì í ṣe èèyàn ni. Tí o bá ti jẹ́ ẹ, o ti tẹ̀lé e. Mo dé Amẹ́ríkà, mo gbàgbé. Àná, mo jẹ́."

"Màmá, bóyá atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn kì í pe Làdíátù. Láti òní lọ, mi ò jẹ́ ohùn kankan tí mi ò bá rí ẹnu tó ti jáde. Ì báà ṣe tìrẹ."

"Tèmi náà, Mà?"

"Tìrẹ gan-an. Wọ́n lè gbé ohùn rẹ wọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun mi. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, ó padà sísàlẹ̀.

Àtàláátà, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Mo dán an wò láti ilé ìdáná. "Màmá, oúnjẹ ti délẹ̀." Kò sí ìdáhùn. Mo lọ dúró síwájú wọn, mo tún un sọ. "Ó dáa, ọmọ mi," wọ́n sì dìde.

Wọ́n ti gbàgbé oògùn. Wọ́n ti gbàgbé ẹ̀rọ omi tó ń ṣàn. Ìgbà méjì ni wọ́n pè mí ní Múnírátù, àbúrò wọn tó ti kú. Òfin yẹn nìkan ni wọn ò gbàgbé.

Àlàmísì, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Bùrọ̀dá Hafeez pè. Mo tún ṣe Màmá. Wọ́n ní ohùn Màmá ti ń tutù sí i láti ọjọ́ tí Màmá ti dé France, ó ń dùn mọ́ àwọn nínú.

Sátidé, 4 Oṣù Kẹwàá

Òtútù dé lójijì. Àwọn ẹyẹ tó máa ń tò sórí wáyà ti lọ gbogbo wọn. Èso igi igbó ti ń já, èèpo rẹ̀ ní ẹ̀gún bí òòrẹ̀. Ó ku ọjọ́ díẹ̀ ká padà sí Houston. Màmá ní tí ilẹ̀ bá ti mọ́, orísun odò ni. Mo ní ọ̀la ni Sọ́ńdè, Mà, àwọn ọdẹ wà níbẹ̀, Mọ́ńdè la máa lọ, màá bá yín gbé ike omi.

Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Sọ́ńdè, 5 Oṣù Kẹwàá

Nígbà tí mo jí, kùrukùru ti dí fèrèsé bí òwú. Bẹ́ẹ̀dì Màmá wà létòlétò bíi ti ọsibítù. Ike omi ò sí. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn wọn ń bẹ lórí ìṣó. Ìborùn funfun ni wọ́n fi lọ.

Mo sáré lu ilẹ̀kùn Anthony. Ó gbé kóòtù lé aṣọ tó fi sùn. A ò tíì dé ẹnu igbó tí fèrè àwọn ọdẹ dún. Ìbọn kan. Òmíràn, ó sún mọ́ wa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Anthony gbìyànjú láti pe olórí wọn, fóònù ò lọ. "Funfun nínú kùrukùru," ó wí.

Mo pè. "Màmá Pearland, Simbiat ni o. Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Igbó dákẹ́. Anthony pè, "Madame Ladiatu." Igbó dákẹ́. Ajá rẹ̀ gbó, ó gbó. Nǹkan kan ò mì.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ohùn mi, wọn ò ní í jẹ́ ẹ. Ohùn Anthony, wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ohùn ajá, wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ti ọkọ wọn, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́. Kò sí ohùn kan nínú ayé tí mo lè fi pè wọ́n tí mi ò tíì bà jẹ́. Mo jókòó sórí ewé tútù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Anthony, láti orí òkè ààfin dé orí fóònù, ìbọn ń dún lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi.

Kò bá mi wí. Ó ní, "Kí ni o ò lè fi ẹnu ṣe?" Ó sì ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lápò.

Okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì náà nípọn bí apá mi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fà á, kò dún. Ìkejì, ó gbé mi kúrò nílẹ̀. Ó wá dún, ó dún débi tí eruku fi ń já láti òkè sí wa lójú. Anthony ní ní abúlé yìí, tí agogo bá dún láìbá àkókò mu, iná ni tàbí òkú, ẹni tó bá gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ wá. Mo fà á títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Ìbọn dúró. Àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látinú kùrukùru lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo wọn, nǹkan funfun kan gba orí afárá bọ̀. Bàtà wọn ti tutù, ike kún.

"Ta ló kú?" ni Màmá bi mí.

"Màmá, a pè yín títí."

"Mo gbọ́. Mo gbọ́ ohùn rẹ, ó ń sunkún. Mo gbọ́ ti Anthony, ó tún ṣe ti ajá. Mo jókòó ti àpáta, mo fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní, ẹ gbọ́n o, ṣùgbọ́n ẹ ò lè mú mi." Wọ́n na ike sí mi. "Mu ún. Ó ń dun eyín lóòótọ́."

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, sìgá tí kò tíì tàn wà lẹ́nu rẹ̀. Ó bá Anthony sọ̀rọ̀. Mo ní kí ni ó wí. Anthony ní ọmọ náà ti na ìbọn sí nǹkan funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, ó ń dúró kó tún mira lẹ́ẹ̀kan sí i, ni agogo dún.

Mọ́ńdè, 6 Oṣù Kẹwàá

Àná ni mo fẹ́ kọ èyí. Ọwọ́ ń ta mí.

Bùrọ̀dá Hafeez pè ní ìrọ̀lẹ́ àná. Mo mú fóònù lọ sẹ́bàá fèrèsé, ohùn Màmá ti jáde, "Hafeez, ọmọ mi, ara mi le," kí n tó rí i pé Màmá ti gòkè wá, wọ́n dúró síwájú mi. Wọn ò wo ojú mi. Ẹnu mi ni wọ́n ń wò.

"Ìwọ ni," ni wọ́n wí. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Lórí òkè yẹn. Ìwọ ni."

Bùrọ̀dá Hafeez ń bèèrè nínú fóònù pé ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀: tí mo bá dákẹ́, ilé Pearland dúró. Tí mo bá dákẹ́, Sọ́ńdè mìíràn ń bọ̀, ní Pearland, lójú títì tí mọ́tò ń sáré, kò sì ní í sí agogo.

"Bùrọ̀dá, Simbiat ni. Èmi náà ni ẹ ti ń bá sọ̀rọ̀ láti oṣù tó kọjá. Màmá sọnù lónìí, ọdẹ fẹ́ yìnbọn lù wọ́n."

Wọ́n ní, "Gbé fóònù fún màmá mi."

Màmá gbà á, wọ́n fi sétí. "Ta nìyẹn?"

Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí: "Hafeez ni, Mà."

"Mi ò rí ẹ," ni Màmá wí, wọ́n sì gbé fóònù sórí fèrèsé.

Sátidé, 25 Oṣù Kẹwàá. Spring

Wọ́n ti ri pátákó "títà" mọ́lẹ̀ ní Pearland. A lọ kó ẹrù tó kù láàárọ̀. Bàbá mi wa ọkọ̀ ẹrù, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ra súyà fún mi lọ́nà, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbàgbọ́ nínú méjèèjì.

Yàrá Màmá níbí ní fèrèsé tó kọjú sí ọgbà iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Wọ́n máa ń bá èmi sọ̀rọ̀ tí mo bá dúró síwájú wọn, a kì í sọ ti orí òkè. Bùrọ̀dá Hafeez ni wọn ò bá sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé àga Bàbá jáde ní Pearland. Bùrọ̀dá á wọlé, Màmá á kọjú sí ògiri.

Ọ̀sán, Bùrọ̀dá Hafeez pè mí wá sínú mọ́tò wọn, níwájú gáréèjì. Wọn ò tan mọ́tò náà. Ọwọ́ wọn wà lórí stẹ́rìn bí ẹni ń lọ síbì kan.

"Ṣé o ṣì lè ṣe ohùn wọn?"

"Bùrọ̀dá?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kí wọ́n kàn ní, 'Hafeez, mo ti forí jì ẹ́.' Mi ò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ní í wò ẹ́."

Ohùn náà ti wà lẹ́nu mi. Mo mọ bó ṣe máa jáde, mo mọ ibi tí Màmá á ti mí díẹ̀ kí wọ́n tó pe Hafeez. Mo pa ẹnu dé títí ó fi lọ.

"Simbiat ni mí, Bùrọ̀dá. Màmá wà nínú ilé. Ẹ lọ jókòó síwájú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín."

Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Mo ń wò wọ́n láti inú mọ́tò níbí, gba ojú fèrèsé ọgbà: wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ níwájú àga Màmá, gbogbo gíga wọn, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ ọsibítù lọ́rùn wọn. Màmá ti yí ojú kúrò lára ògiri. Wọ́n ń wo ẹnu Bùrọ̀dá. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, mi ò sì ní í gbìyànjú láti fi ẹnu mi sọ ọ́.

Inú mọ́tò Bùrọ̀dá Hafeez ni mo ti ń kọ èyí. Alhaja Làdíátù ò kọ ojú ìwé kìíní. Alhaja ò mọ̀ pé ìwé yìí wà. Simbiat Sirajudeen ló kọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ Brays Oaks, tí kò parí ìwé mẹ́wàá.